Bí Mo Ṣe Ń Tu Ẹran Lójú ní Erékùṣù ARK: Àkọsílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta

Ọ̀sẹ̀ kìíní, alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì

Mo kú ní ìgbà mọ́kànlá láàárín wákàtí méjì àkọ́kọ́ tí mo fi jókòó ti ARK: Survival Evolved, ìyẹn ni ó mú kí n fa ìwé yọ láti máa kọ ohun tí ó ń pa mí sílẹ̀. Eré orí kọ̀ǹpútà ni, níbi tí a ti ń wá bí a óò ṣe wà láàyè láàárín àwọn ẹran ayé àtijọ́ bíi dáínósọ̀. Ilé-iṣẹ́ Studio Wildcard ni ó ṣe é. Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn èèyàn máa tọ́ ọ wò ní oṣù Òkudù ọdún 2015, odidi rẹ̀ sì jáde ní oṣù Ògún ọdún 2017. Èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2023 wúwo ju ohun tí kọ̀ǹpútà mi lè gbé lọ, nítorí náà ti àtijọ́ ni mo ń ṣe, èmi nìkan, ní erékùṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní The Island.

Etí òkun ni a ti ń jí, pẹ̀lú ìbàntẹ́ ní ìdí àti òkúta dídán kan tí wọ́n rì mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì ẹni. Ọwọ́ lásán ni a óò fi lu igi títí tí igi àti koríko ìbolé yóò fi bọ́ sílẹ̀, gbogbo ìkúùkù tí a bá sì jù ni ó ń bu díẹ̀ nínú ẹ̀mí ẹni. Òkúta 1, igi 1 àti koríko 10 ni ó ń di dígà. Ohun tí mi ò tètè mọ̀ ni pé ohun èlò tí a bá lò ni ó ń pinnu ohun tí a óò rí: bí a bá fi dígà lu igi, koríko ni yóò pọ̀, bí a bá fi àáké lù ú, igi ni yóò pọ̀, bákan náà ni dígà ń mú akọ òkúta jáde lára àpáta, tí àáké sì ń mú òkúta lásán. Mo ti fi dígà gé igi fún nǹkan bí wákàtí kan kí n tó ṣàkíyèsí rẹ̀. Omi òkun ibẹ̀ ṣeé mu bí omi kànga, nítorí náà òùngbẹ kọ́ ni ìṣòro mi.

Dilophosaurus ni ìṣòro mi. Kò ga ju ajá lọ, ṣùgbọ́n awọ ọrùn rẹ̀ máa ń ṣí bí agboòrùn, yóò sì tu itọ́ olóró sí mi lójú, ojú mi á ṣú, ẹsẹ̀ mi á wúwo, ó di ilẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, tí ó jókòó tì mí tí ó ń jẹ ẹ̀pà, sọ pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ẹran náà: “Bọ̀dá mi, Dilophosaurus gidi gùn tó mítà 6, kò sì sí egungun kankan tí ó fi hàn pé ó ń tutọ́.” Òótọ́ ni ó sọ. Dodo náà wà níbẹ̀, ẹyẹ tí ó jẹ́ ìbátan ẹyẹlé, tí erékùṣù Mauritius jẹ́ ilé rẹ̀, tí ó sì parun láàárín àwọn ọdún 1600. Ẹ̀gbẹ́ Triceratops ni ó ń jẹko sí, ẹran tí ó ti kúrò láyé láti nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ìtàn ayé kó má kọ́ ọ níbí.

Nígbà tí mo ka ìwé mi padà, mo rí i pé mẹ́fà nínú ikú mọ́kànlá yẹn ni mo kú nígbà tí mo ń lọ gbé àpò mi. Ibi tí a bá kú sí ni ẹrù ẹni ń wà, ẹran tí ó pa ni kì í sì í jìnnà síbẹ̀. Láti òní lọ, àpò tí ó bá ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dilo ti di ti Dilo.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú

Lónìí ni mo tu ẹran àkọ́kọ́ lójú. Fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, a óò lu ẹran náà títí yóò fi dákú láìkú, a óò ṣí àpò tirẹ̀, a óò kó oúnjẹ tí ó fẹ́ràn sí i, a óò sì dúró. Bí ebi bá ti ń pa á ni yóò máa jẹun lójú oorun, bí ó bá sì ti ń jẹun ni ìlà kan yóò máa kún, títí tí yóò fi dìde gẹ́gẹ́ bí ẹran ọ̀sìn ẹni. Ìlà mìíràn wà tí ó ń sọ bí oorun náà ṣe kù sí. Bí èyí bá gbẹ tán kí ti àkọ́kọ́ tó kún, ẹran á jí, a óò sì jọ rí ara wa. Ìwọ̀n kẹta ni àwọn tí ó ń kánjú kì í wò. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 100 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò máa dín kù bí ẹran bá ṣe ń jẹun, ní pàtàkì bí oúnjẹ náà kò bá fi bẹ́ẹ̀ wù ú, yóò sì já wálẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá lù ú lójú oorun. Ohun tí ó bá kù nínú rẹ̀ nígbà tí ẹran náà dìde ni yóò sọ iye ìpele (ìyẹn bí agbára ẹran tàbí ti ẹni tí ń ṣeré ṣe ga tó) tí a óò fi kún tirẹ̀, èyí tí ó lè tó ìdajì ìpele tí a bá lára rẹ̀ nínú igbó.

Parasaur ni mo mú. Ẹran jẹ́jẹ́ ni, kì í jà, sísá ni ó ń sá, nítorí náà kànnàkànnà ni mo fi ń sọ ọ́ lókò tí mo sì ń sáré tẹ̀ lé e lẹ́bàá omi, títí tí ó fi kọjú sí àpáta tí kò rí ọ̀nà gbà mọ́. Mejoberry, èso aláwọ̀ àlùkò, ni ó fẹ́ràn jù nínú èso ìgbẹ́. 40 ni mo kó fún un, èyí tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ó dìde ni mo jẹ fúnra mi. Àbúrò mi sọ ọ́ ní Àdùnní. Ìpele 9 ni a ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe gàárì rẹ̀, mo sì ti débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Alẹ́ ọjọ́ náà kan náà

Raptor méjì, ẹran tí ń pa ẹran jẹ, ni ó pa Àdùnní. Ilẹ̀kùn ilé koríko mi kéré jù fún un láti wọlé, mi ò sì ṣe ọgbà, mo kàn fi í sílẹ̀ níwájú ilé bí ẹni fi ewúrẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò tí kò ti sí olè. Inú ilé ni mo wà tí mo ń gbọ́ igbe rẹ̀. Mi ò jáde.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọgbà ni mo fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ àná ṣe. Lónìí, ó kan oògùn oorun, nítorí pé ẹran tí mo fẹ́ mú báyìí kò ní sùn tó bí Parasaur ṣe sùn láìjẹ́ pé mo ń fún un ní ohun tí yóò mú un sùn. Odó ni wọ́n fi ń gún un: òkúta 65 àti awọ 15 ni ó ń di odó àti ọmọ odó. Èso dúdú tí ó ń jẹ́ Narcoberry, 5, pẹ̀lú ẹran jíjẹrà 1, ni ó ń di oògùn kan ṣoṣo. Bí a bá fún ẹran tí ó dákú ní èso náà ní tútù, ohun tí yóò fi kún oorun rẹ̀ kò ju 7.5 lọ, oògùn kan ń fi 40 kún un. Èso 5 ní tútù kò tó 38, nítorí náà lórí ìwé, èrè gígún rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tí mo ń gún un fún ni pé kì í tètè jẹrà bí èso, òun náà sì ni wọ́n ń fi sí ọfà.

Ẹran jíjẹrà ni ó kọ́kọ́ wọ́n mi, mi ò sì rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá jókòó tí màá máa retí kí ẹran bàjẹ́. Bí ẹran tútù 20 bá wà ní ìdì kan nínú àpò mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń jẹrà, tí ọ̀kan bá bàjẹ́ tán kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí a tú ìdì náà ká sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìdì kọ̀ọ̀kan ni ó ní aago tirẹ̀. Mo tú 20 náà ká sí ojú ibi 20, mo lọ bu oúnjẹ alẹ́ mi, nígbà tí n óò fi padà dé, gbogbo wọn ti jẹrà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn bí ẹni pé mo rí owó he.

Àṣìṣe kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀: mo tẹ ibi tí kò yẹ kí n tẹ̀, mo sì ń jẹ Narcoberry náà fúnra mi dípò kí n kó o sínú odó. Mo sùn lọ fọnfọn lórí iyanrìn. Àánú Ọlọ́run ni pé Dodo nìkan ni ó wà nítòsí.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Triceratops. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, mo sì mọ̀ pé èyí kì í sá; ìwo mẹ́ta rẹ̀ ni yóò kọ sí mi. Mo wá àpáta kan tí ó ga ju orí rẹ̀ lọ, mo gun orí rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kànnàkànnà sọ ọ́ lókò láti òkè. Ibi orí ni mo ń sọ, nítorí pé orí ni gbogbo ẹran tí mo ti bá pàdé ti ń dùn jù. Mo sọ òkò tí ó lé ní 30, ẹran náà kàn ń fi ìwo gbá àpáta tí mo dúró lé.

“Bọ̀dá mi, ẹ má sọ ọ́ ní orí mọ́. Ẹ ò rí i bí egungun orí rẹ̀ ṣe fẹ̀? Asà rẹ̀ nìyẹn.”

“Ta ni ó ń ṣe eré yìí, èmi tàbí ìwọ?”

“Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ sọ ọ́ ní ìdí.”

Mo sọ ọ́ ní ìdí. Ìyàtọ̀ náà hàn lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ní tòótọ́ ni awẹ́ egungun tí ó wà lórí Triceratops ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a bá jù lù ú. Ẹran náà ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, mo ti ń ka òkò tí ó ṣẹ́kù mọ́ mi lọ́wọ́, ni wọ́n bá mú iná lọ.

Kọ̀ǹpútà mi kì í ṣe èyí tí ó ní bátìrì. Wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí iná dé, eré náà ti padà sí ibi tí ó ti tọ́jú ara rẹ̀ sí gbẹ̀yìn, ìyẹn kí n tó gun àpáta. Triceratops ń jẹko bí ẹni pé a kò rí ara wa rí. Èso tí mo já kẹ́yìn ti lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí àpò mi, gbogbo òkò mi pé pérépéré! Àbúrò mi ní mi ò gbọdọ̀ bú àwọn tí ó mú iná lọ lónìí.

Láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdí rẹ̀ ni mo dojú kọ. Ó ṣubú kí òkò mi tó tán, ó dà wó bí ilé tí wọ́n yọ òpó rẹ̀. Mo kó Mejoberry sí àpò rẹ̀, mo sì jókòó tì í, tí mo ń wo ìlà oorun rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná: bí ó bá ti sọ̀kalẹ̀ dé ìdajì, màá fi oògùn méjì tàbí mẹ́ta sí i lẹ́nu, màá tún jókòó. Dilo kan yọjú, mo fi ọ̀kọ̀ lé e. Kò tó wákàtí kan tí ó fi dìde. Balógun ni orúkọ rẹ̀. Gàárì rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti àná, torí pé ìpele 16 ni wọ́n ń béèrè, mo sì ti kọjá rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta

Èmi tí mo rò pé ogun ni mo mú Balógun fún, oko ni ó ń bá mi ro. Bí ó bá fi orí gbá igbó lẹ́ẹ̀kan, èso tí ó ń já ju èyí tí mo lè fi ọwọ́ já láàárín ìṣẹ́jú púpọ̀ lọ, Narcoberry sì wà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Odó mi kò sinmi mọ́. Láti ìpele 21 ni ọfà olóògùn ti ṣeé ṣe, ọfà olókùúta 1 àti oògùn oorun 1 ni ó ń di ẹyọ kan, mo sì ti ní 46 nínú àpótí. Ìyọnu kan ṣoṣo ni pé ẹrù èso máa ń pọ̀ débi pé Balógun kò ní lè gbé ẹsẹ̀ mọ́, àfi kí n dúró láàárín igbó kí n máa da Tintoberry nù, nígbà tí mo ń gbọ́ Raptor láti ọ̀nà jíjìn.

Mo lo ọfà náà lára Parasaur kejì láti dán an wò. Márùn-ún péré ni ó gbà. Inú ọgbà ni ó ń sùn.

Pteranodon ni ó kàn, ẹran tí ń fò, nítorí pé ẹsẹ̀ kò lè gbé mi dé ìdí àwọn òpó ńlá mẹ́ta tí wọ́n ń tàn lójú ọ̀run láìjẹ́ pé ohun kan pa mí lọ́nà. Ìṣòro rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Triceratops pátápátá. Bí a bá ta á lọ́fà kan ṣoṣo, yóò fò lọ, oògùn náà yóò sì ṣubú pẹ̀lú rẹ̀ sí ibi tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Bí ọfà bá sì pọ̀ jù, yóò kú, torí pé ara rẹ̀ kò le. Ohun tí a ń ṣe ni pé a óò dúró dìgbà tí ó bá balẹ̀, a óò fi okùn alókùúta tí wọ́n ń pè ní bola so ó lẹ́sẹ̀, orí ni a óò sì ta á sí kí ó lè sùn pẹ̀lú ọfà díẹ̀. Ara Dilo ni mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń ju bola. Nínú mẹ́wàá tí mo jù lánàá, méje bà á. Mo ti ní ohun kan tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ Dilo láti ọ̀sẹ̀ kìíní, mo sì gbà á.

Gàárì rẹ̀ ni ó dá mi dúró. Ìpele 38 ni, mo ti dé 36. Awọ 230 ti pé, fọ́nrán 125 ti pé. Ó ku keratin tàbí chitin 75, ohun líle bí ìkarahun, èyí tí mo ń rí lára ìjàpá ńlá etí òkun àti kòkòrò inú omi tí ń jẹ́ Trilobite. Mo ka ohun tí ó wà nínú àpótí lálẹ́ yìí kí n tó pa kọ̀ǹpútà: 41. Pteranodon kan wà tí ó máa ń bà sí orí òkè kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé ní àárọ̀, ìpele rẹ̀ jẹ́ 24, àbúrò mi sì ti fún un ní orúkọ, ṣùgbọ́n mo ní kó má tíì sọ ọ́ fún mi.