Òkúta títì nínú ṣọ́ọ̀ṣì

Òtútù Saint Petersburg, ní Russia, ló lé mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan lánàá. Ni mo bá rí òkúta títì nínú ilé Ọlọ́run, tí wọ́n kọ́ àtíbàbà lé lórí. Àṣé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ju àdó olóró lu ọba wọn, Alexander Kejì, lọ́dún 1881. Ti àkọ́kọ́ ò pa á. Kàkà kó sá, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àwọn tó fara pa. Ìkejì fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Òun náà ló tú àwọn ẹrú oko sílẹ̀ lọ́dún 1861 o! (Àmọ́ ọdún 49 ni wọ́n ní kí àwọn ẹrú náà fi máa san owó ilẹ̀ tí wọ́n fún wọn. Òmìnira onígbèsè.) Mo dúró síbẹ̀ títí ìyá tó ń nulẹ̀ fi nàka sí bàtà mi: yìnyín ti yọ́ sílẹ̀.