Káàdì Olódídẹrẹ́

Ní oṣù Èrèlé ọdún tí a bí àkọ́bí wa, ìyá ìyàwó mi gbéra láti Ìbàdàn wá sí London láti wá bá wa wẹ ọmọ, owó ara wọn ni wọ́n sì fi wọ ọkọ̀ òfurufú. Mo ní kí n fi nǹkan pọ́n wọn lé ní ọjọ́ Fáléńtáìnì. Ní ọjà tí wọ́n ti ń ta nǹkan àtijọ́ ni mo ti rí káàdì kan, bébà pélébé tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, tí wọ́n ya obìnrin kan sí pẹ̀lú odídẹrẹ́ ní èjìká rẹ̀. Ẹyẹ tí a ti ń rí ìkóóde, tí ọba fi ń ṣe adé lọ́ṣọ̀ọ́, ta ni yóò rò pé èébú ló gbé wá? N kò mú awò ojú dání, nítorí náà n kò ka ewì ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Màmá, tí wọ́n kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kà á sókè ketekete níwájú àwọn àlejò. Ewì náà ní odídẹrẹ́ a tilẹ̀ máa sinmi, ṣùgbọ́n ẹnu obìnrin yìí kì í sinmi, ìdí nìyẹn tí kò fi rí ọkọ fẹ́. Ìyàwó mi gbé ọmọ, ó wọ yàrá lọ.

Mo ti dọ̀bálẹ̀ tán kí n tó wá ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù. Àṣé ní ayé Ọbabìnrin Victoria, wọ́n ń ta irú káàdì bẹ́ẹ̀ ní pẹ́nì kan láti fi bú apárí, ọ̀mùtí àti onífáàrí, ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ kì í sì í kọ orúkọ rẹ̀ sí i. (Nílé wa, ẹni tí ó bú ni a máa fẹ́ kí a mọ̀ pé òun ni.) Àwọn tí ń kó wọn jọ lóde òní ń pè wọ́n ní Fáléńtáìnì ọtí kíkan. Láti ilẹ̀ tí mo wà, mo ṣàlàyé fún Màmá pé àwàdà àtijọ́ ni, àti pé kí sítáǹpù oní-pẹ́nì tó dé ní 1840, ẹni tí lẹ́tà bá dé bá ni ó sábà ń san owó rẹ̀, tí yóò fi owó ara rẹ̀ gba èébú.

Màmá wò mí láti òkè awò ojú wọn.

“Ó yé mi, àna mi. Èmi náà ni mo kúkú san owó bàálù wá.”