Ṣé Kámẹ́rà Ẹ Mu Ẹmu Ni? Àyẹ̀wò Ọdún Mi

Ìyá ìyàwó kan ló bi mí bẹ́ẹ̀ lóṣù kẹta, nígbà tó wo fídíò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ tí mo yà tán. Ó ní òòyì ń kọ́ òun. Inú bí mi, àmọ́ mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo délé, mo wo iṣẹ́ ọ̀hún fúnra mi. Òótọ́ ni màmá sọ. Kò sí àwòrán kan tó dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá 3 kí n tó sún un mọ́ra, kí n tó tún tì í padà.

Fíìmù 50 ni mo ti pinnu láti wò lọ́dún yìí. 11 péré ni mo rí wò, àmọ́ ìgbà 7 ni mo wo ọ̀kan nínú wọn: Eyimofe, tí Arie àti Chuko Esiri ṣe ní Èkó, tó jáde ní 2020. Arseni Khachaturan ló ya àwòrán rẹ̀. Wáyà tó lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mo pa ohùn rẹ̀, mo kàn ń wo ibi tí kámẹ́rà dúró sí. Ó máa ń dúró sójú kan, èèyàn á wọlé, èèyàn á jáde. Ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló yé mi: bí kámẹ́rà ò bá sáré, ojú ẹni tó ń wòran ló máa rìn kiri fúnra rẹ̀. Fíìmù 16mm, ìyẹn rọ́ọ̀lù fíìmù bíi ti àtijọ́, ni wọ́n lò, èyí tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó rí ohun tí wọ́n yà. Ẹni tó ń lo irú ẹ̀ á ronú kó tó tẹ bọ́tìnnì. Èmi ńkọ́? Mẹ́mọ́rì káàdì ti bà mí jẹ́.

Tokyo Story (1953), ti Ozu, olùdarí fíìmù ará Japan, oorun gbé mi lọ lálẹ́ àkọ́kọ́, n ò ní parọ́. Àmọ́ ibi tí ojú ẹni tó jókòó sórí ẹní máa ń mọ ni ọkùnrin yẹn ń gbé kámẹ́rà sí. Ìyẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Ní ti iná títàn, n ò rí nǹkan kan kọ́. Àwọn iná tí mo rà ṣì wà nínú páálí.

Lóṣù yìí, níbi ìdána kan n'Íbàdàn, mo gbé kámẹ́rà sílẹ̀ pátápátá, mo fi tìmùtìmù tì í. Alága ìjókòó ní kí ọkọ ìyàwó tún dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú rẹ̀ bọ́ sínú lẹ́ńsì gan-an: òógùn ń kán lábẹ́ fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Bàtà ìyá ìyàwó nìkan ló hàn létí àwòrán, màmá sì ti rọra yọ ẹsẹ̀ kan jáde nínú tirẹ̀. Ọwọ́ ń yún mi kí n sún un mọ́ra. N ò fọwọ́ kàn án.

Bí àǹtí kan tó fẹ́ náwó ṣe wá dúró gbagidi síwájú mi nìyẹn. Etí ìró tó ró mọ́dìí nìkan ni mo yà fún odidi ìṣẹ́jú kan. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú fídíò. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á.