Ẹ Bá Mi Dúpẹ́: Ìwé Àkọsílẹ̀ Ni Olúwa Fi Yọ Mí

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga! Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ̀yin ọmọ ìjọ, àti ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí rí ṣùgbọ́n tí ẹ bá wa gbàdúrà, èsì ìdánwò mi ti jáde. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ lé mi kúrò nílé-ìwé ní ọdún tó yẹ kí n parí, èmi rèé, mo ti parí.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́. Ọ̀rọ̀ dídùn ni mo fẹ́ràn nígbà tí mo wọlé. Olùkọ́ wa kan ló là mí lójú, bàbá tó ti ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó máa kọ́ wa. Ní January 2023, nígbà tí Ààrẹ Buhari wá ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì tó wà ní Ìmọ̀ta níbí, wọ́n ní kí n kọ nípa rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ibẹ̀ lè ṣe ìrẹsì tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí: “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Oko wo ni ìrẹsì tí wọ́n máa dà sẹ́rọ yẹn á ti máa wá?” Mo padà lọ bi àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń ta ìrẹsì. Láti ìgbà náà, ìbéèrè méjì yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi bí mo bá ti mú bírò.

A kọ́ ìtàn Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Orí mi wú pé èdè wa ni wọ́n fi kọ ọ́. A kọ́ pé ohun tó wúwo jù ló ń ṣíwájú ìròyìn, torí bí àyè kò bá gbà á, láti ìsàlẹ̀ ni olóòtú ti máa ń gé e. Ṣùgbọ́n èyí tí bàbá yìí ń tẹ̀ mọ́ wa létí jù ni pé ká kọ orúkọ, ká kọ ọjọ́, ká kọ wákàtí. Ẹni tí ìròyìn bá máa bà lórúkọ jẹ́, ká wá a lọ kó sọ tẹnu ẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ ìwé kíkọ fún iṣẹ́, wọ́n kọ́ wa láti kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì, ká sì gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í ka ẹ̀kọ́ yẹn sí. Lójú tèmi, òun ló yẹ kí wọ́n máa fi ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ omi ló fà á tí wọ́n fi fẹ́ lé mi. Wọ́n ń gba owó omi lọ́wọ́ àwa tí a ń gbé inú ọgbà, ẹ̀rọ omi sì gbẹ. Òru la fi ń gbé kẹ́ẹ̀gì kiri. Ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa ní kí n kọ nípa rẹ̀. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2011, tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Ẹni tó bá kọ̀ láìtọ́ lè san ìtanràn 500,000 náírà. Mo kọ lẹ́tà, wọ́n lu ẹ̀dà mi lóǹtẹ̀. Mo lọ bá ọ̀gá tó ń mójú tó omi; ó gbà kí n fi fóònù gba ohùn òun sílẹ̀, ó sì fẹnu ara ẹ̀ sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n gba owó lé lórí kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Bí ìròyìn náà ṣe jáde ni ìgbìmọ̀ ìbáwí pè mí. Wọ́n ní mo parọ́, mo ba ilé-ìwé lórúkọ jẹ́, wọ́n sì di èsì ìdánwò mi mú. Ẹ̀rù ba àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó bá mi sọ̀rọ̀, àwọn kan ní àwọn ò bá mi sọ nǹkan kan. N kò bínú sí wọn. Ìwé ẹ̀rí tiwọn náà wà níbẹ̀. Màámi, tó ń ta gàrí ní Sábó, ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gba ààwẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí.

“Ṣé òótọ́ lo kọ?”

“Òótọ́ ni, mà.”

“Ó parí. Jẹ́ ká kúnlẹ̀.”

Àyà mi ń já lọ́jọ́ tí mo dé iwájú wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n bi mí, inú ìwé àkọsílẹ̀ mi ni mo ti ń ka ìdáhùn: orúkọ, ọjọ́, wákàtí. Mo gbé lẹ́tà olóǹtẹ̀ sílẹ̀. Mo tan ohùn inú fóònù. Ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ náà kọjú sí ọ̀gá náà: “Ṣé ohùn yín nìyí?” Ó ní ohùn òun ni. Olùkọ́ mi sì dìde níwájú àwọn ọ̀gá wọn, wọ́n ní bí mo bá jẹ̀bi, àwọn náà jẹ̀bi, torí bí àwọn ṣe kọ́ mi ni mo ṣe ṣe é. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ni wọ́n fi wéwu yẹn o! Sà, Olúwa á dúró tì yín bí ẹ ṣe dúró tì mí.

Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́gi lé ẹ̀sùn náà, wọ́n sì tú èsì mi sílẹ̀. Omi ti ń yọ báyìí, bí kò tiẹ̀ jẹ́ lójoojúmọ́. Mo ń dúró de ìwé ìpè àgùnbánirọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́ wa. Láti ẹnu géètì la ó ti máa jó wọlé, àwọn onílù ti gbà láti wá, oúnjẹ sì wà lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá èmi àti màámi jó.