Laleli Nìkan Kọ́ Ni Istanbul

Ọ̀pọ̀ nínú àwa oníṣòwò aṣọ tí a ń dá lọ sí Istanbul ló máa ń gbé ìròyìn kan náà wálé: ariwo pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń fa èèyàn lọ́wọ́, ara kì í tuni. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Àmọ́ Laleli àti Aksaray, àdúgbò méjì tí ọjà wà nínú ìlú náà, ni wọ́n ń ròyìn. Ibẹ̀ ni wọ́n wọ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti rajà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti di ẹrù wálé. Ìlú tó kù, wọn ò fojú kàn án.

Ọjà gidi ni Laleli. Ṣọ́ọ̀bù lórí ṣọ́ọ̀bù, aṣọ ní páálí-páálí, àwọn ọmọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń pe oníbàárà ní èdè Rọ́ṣíà àti Lárúbáwá kí wọ́n tó rántí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá mọ Balógun nígbà tí ọdún bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ìyẹn ò lè bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó dá wá, tó wà nínú bàálù mọ́jú, tó tún wọkọ̀ fún bíi kìlómítà 40 láti pápákọ̀ òfurufú. Oorun ń kùn ún, owó wà lára rẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ fún pé “bá mi wo báàgì yìí”. Ẹnikẹ́ni tó bá rẹ́rìn-ín sí i, oníjìbìtì ni lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ àwọn àbúrò mi pé kí wọ́n má rajà lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ dé ní Sátidé. Lọ́jọ́ Sunday, Kapalıçarşı, ọjà ńlá àtijọ́ tí wọ́n bò lórí, máa ń tì, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Laleli náà kì í ṣí, nítorí náà kò sí ohun tó ń lé yín. Ẹ sùn dáadáa. Ẹ ra Istanbulkart lára ẹ̀rọ. Káàdì yìí lẹ máa fi wọ tíráàmù, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú omi. Ẹ wọ tíráàmù T1 dé Eminönü, kí ẹ wá wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Kadıköy.

Bíi ìṣẹ́jú 20 ni, láti Yúróòpù bọ́ sí Éṣíà. Ẹ má jókòó sínú, ẹ bọ́ sí ìta. Ẹ ó rí Mọ́ṣáláṣí Süleymaniye, tí wọ́n parí ní 1557, lórí òkè lọ́hùn-ún, ẹ ó rí àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja lórí afárá Galata. Àwọn ẹyẹ òkun á máa tẹ̀ lé ọkọ̀, torí àwọn èrò ń ju simit sí wọn, ìyẹn búrẹ́dì bí òrùka tí wọ́n fi yànmọ̀tí bò lára. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, bàbá àgbà kan tó jókòó tì mí ya tirẹ̀ sí méjì, ó na ìdajì sí mi. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ò gbọ́ èdè rẹ̀. Mo tẹ orúnkún díẹ̀ kí n tó gbà á, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Inú bàbá dùn, ó tún ra tíì fún mi. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí mo padà sí Laleli, ojú mìíràn ni mo fi wo àwọn tó ń pè mí. Ọ̀kan nínú wọn ni oníbàárà mi títí di òní.

Ní Kadıköy, ẹja, ólífì àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń tà, àwọn ará ìlú ló sì ń rà á. Wọ́n lè wò yín títí. Ẹ kí wọn, ẹ máa lọ.

Ẹni tó dá rìn gbọ́dọ̀ lajú ṣá o. Ẹ má ṣẹ́ owó púpọ̀ ní pápákọ̀. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù dání, pàápàá ní Aksaray, torí ọlọ́pàá lè béèrè. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ fi ìborùn sínú báàgì nítorí mọ́ṣáláṣí. Ẹ fi àdírẹ́sì òtẹ́ẹ̀lì yín ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú bá yín lódì kejì, Marmaray, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun kọjá láti 2013, á gbé yín láti ibùdókọ̀ Ayrılık Çeşmesi nítòsí Kadıköy dé Sirkeci, kí ẹ wá wọ T1 padà sí Laleli.