Búsọ́ọ̀lù tí ẹ̀gbọ́n mi rà ní Páríìsì

Ní Iléyá tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi fi búsọ́ọ̀lù kan, ohun èlò tí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ń tọ́ka sí àríwá, ránṣẹ́ sí mi láti Páríìsì, kí n lè máa fi mọ Kíbúlà, ìhà Mẹ́kà tí a ń kọjú sí kírun, bí ìrìn bá gbé mi jáde ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Mo ṣí páálí rẹ̀ tayọ̀tayọ̀, àfi bí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ṣe kọ̀ tí kò yí. Mo gbé e sún mọ́ ojú. Orí pupa tó ń wo àríwá ti yọ sókè, ó kan gíláàsì. Ìdí abẹ́rẹ́ náà ń wọ́ nílẹ̀. Bí mo bá ta á níka, á gbọ̀n díẹ̀, á tún há.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n pé gbàrọ̀gùdù ni ọlọ́jà tà fún wọn. Ó dùn mí pé mo rò bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ohun tó ṣe búsọ́ọ̀lù náà. Ní Páríìsì, òòfà ilẹ̀ ayé kì í fa abẹ́rẹ́ sí àríwá nìkan, ó tún ń fà á wọlẹ̀ gan-an. Nítorí náà, àwọn tó ń ṣe é máa ń mú kí ìdí rẹ̀ wúwo díẹ̀, kí orí má baà tẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ibi tí òòfà náà ti tẹ́ gbalaja, tí kò wọlẹ̀ tí kò sì yọ sókè, gba àríwá Bẹ̀nẹ̀ kọjá. Àwa tó wà nísàlẹ̀ nítòsí òkun, ìdí abẹ́rẹ́ gan-an ni ilẹ̀ ń rọra fà. Ẹrù tí wọ́n dì mọ́ ọn nítorí Páríìsì wá di ìnira fún un.

Ẹ̀gbọ́n ní kí n fi fóònù wo bí agbára òòfà náà ṣe pọ̀ tó. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà sẹ́mìjàn kan ni mo dúró sí, nọ́ńbà fò kọjá 100. Irin ló fà á. Mo bọ́ sí etí ọ̀sà, níbi tí kò sí páànù, tí kò sí mọ́tò, ó dúró sí 33 microtesla, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára òòfà. Tiwọn ní Páríìsì jẹ́ 48. Mo pariwo! Ayé kan náà mà ni!

Irin yíyọ́ tó ń ṣàn ní nǹkan bíi 2,900 kìlómítà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ló ń dá òòfà yìí sílẹ̀, ṣíṣàn rẹ̀ kò sì rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Siberia, ó lé ní 60. Ní apá gúúsù Bràsíìlì, ó wálẹ̀ dé nǹkan bíi 22. Ti Bràsíìlì yẹn ló jọ mí lójú jù: ààbò tí òòfà ilẹ̀ ń ṣe fún wa fẹ́lẹ́ lókè ibẹ̀ débi pé bí awò ojú ọ̀run Hubble, tó ń yí ayé ká lókè, bá ń kọjá, wọ́n máa ń dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró ná, kí ìtànṣán òfurufú má baà ba ohun tó ń wò jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn á ra òmíràn tí wọ́n ṣe fún agbègbè wa. Mo ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu. Bí mo bá gbé ẹ̀gbẹ́ àríwá rẹ̀ sókè díẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́, ìdí abẹ́rẹ́ á tú sílẹ̀, á yí, á dúró. Èmi á wá kọjú sí ìlà oòrùn, màá yà sí òsì díẹ̀, màá tẹ́ ẹní.