Ẹ má tètè ti fáìlì o, ẹ̀yin àbúrò mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ sósíà wọ́kà, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ifẹ̀ àti Iléṣà níbí, ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́kàn mi gan. Ẹni tí wọ́n bá fipá bá lò pọ̀, gbogbo wa la mọ ohun tó yẹ ká sáré ṣe fún un: kó bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà HIV kí wákàtí 72 tó pé, kó sì lò ó fún ọjọ́ 28 gbáko, kó sì lo oògùn tí ò ní jẹ́ kó lóyún kí ọjọ́ 5 tó kọjá lẹ́yìn tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn gan-an niṣẹ́ tó pọ̀ wà.

Tó bá di bí oṣù kẹta, kẹrin, àwọn tó ń wá kí i á ti dẹ́kun, ẹbí á ní "ṣé o ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn ni", ìgbà yẹn loorun á wá máa dá lójú rẹ̀. Ó lè jẹ́ òórùn pọfíìmù kan, ó lè jẹ́ ìró géètì, ó lè jẹ́ pé ọyẹ́ ló tún dé torí ìgbà ọyẹ́ ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀, àyà rẹ̀ á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n á gbé e lọ sórí òkè. Àdúrà ò burú o, èmi náà ń gbà á, ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé fún un pé ara ló ń rántí, kì í ṣe pé orí ẹ̀ dàrú, tó bá sì ti ju oṣù kan lọ tí ò rọlẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà tó ń rí sí ọpọlọ rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni "kí ló dé tí o ò pariwo" tí wọ́n máa ń bi wọ́n. Ara ẹlòmíì máa ń le gbagidi lásìkò yẹn ni, ohùn ò ní jáde, kì í ṣe pé ó gbà.

Ọ̀rọ̀ owó àti ibi tí ọkàn ẹ̀ á ti balẹ̀ ńkọ́? Obìnrin kan tó ń tajà ní Iléṣà ti kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tó ń lù ú, a ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń mi orí, àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ni pé ọkùnrin yẹn mọ ìsọ̀ òun, ó sì lè yọ sí òun nígbàkigbà. Òótọ́ ló sọ, torí ìgbà tí obìnrin bá ń kúrò àti ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò léwu máa ń pọ̀ jù. Ìgbà tá a bá a rí ìsọ̀ lọ́jà míì, táwọn obìnrin ibẹ̀ gbà á sínú àjọ, táwọn ọmọ ẹ̀ rí skúùlù míì wọ̀, ìgbà yẹn ló tó sunkún níwájú wa, tó wá sọ gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin ẹ wo ohun tó wá ṣáájú.

Abẹ́rẹ́ tó ń dènà hepatitis B, ìyẹn àrùn ẹ̀dọ̀ tó máa ń ranni, ẹ̀ẹ̀mẹta ni: èkíní lójú ẹsẹ̀, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta lóṣù kẹfà. Tẹ́ẹ̀sì HIV náà, a máa ń tún un ṣe. Ẹ lo àwọn ọjọ́ yìí, torí ó máa ń fún un ní ohun tó lè sọ nílé, ọsibítù lòun ń lọ, kò sẹ́ni tó máa bi í ní ìbéèrè, ẹ̀yin á sì rí i bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń gbé Ifẹ̀ tí ò fẹ́ kójú rí òun, ẹ bi í bóyá ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà á rọ̀ ọ́ lọ́rùn, abẹ́ OAUTHC, ìyẹn ọsibítù Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, kan náà ni. Ẹ má sì máa pè é lórí fóònù láìtíì mọ ẹni tó lè gbé e.

Ẹjọ́ lè gba ọdún. Wọ́n á sún un, wọ́n á tún sún un, tí wọ́n bá sì gbé adájọ́ lọ síbòmíì, ó lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó ti rojọ́ tán á tún máa rò ó látòkè. Ẹ ti sọ fún un ṣáájú kó má bàa bá a lójijì. Àwọn àgbà ẹbí náà á pèpàdé, wọ́n á ní kẹ́ ẹ má tú àṣírí ilé, kó dárí jì. Ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, àmọ́ ẹ má bá wọn rọ̀ ọ́. Òfin VAPP, ìyẹn òfin tó de híhùwà ipá sí èèyàn, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí wọ́n hùwà ipá sí lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú, sí ìrànwọ́, àti kí wọ́n bá a tún ayé ẹ̀ tò, kì í ṣe ojú àánú lásán.

Ẹ̀yin náà ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ lè bá sọ̀rọ̀ o, iṣẹ́ yìí wúwo.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú jù ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa yan nǹkan fúnra ẹ̀, torí ẹni tó hùwà yẹn sí i ò bi í léèrè. Níbo lẹ fẹ́ ká jókòó, ṣé ká ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ ni àbí ká tì í, ṣé ká dúró níbí lónìí. Tó bá wá dọjọ́ tó bá yín jiyàn, tó ní òun ò ṣe, ẹ má bínú, inú tèmi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ ọ, torí ó ti ń rántí pé òun lè sọ pé rárá. Tó bá ní òun ò wá lóṣù yìí, ẹ ní ó dáa, ẹ bi í ọjọ́ tẹ́ ẹ tún lè pè é, kẹ́ ẹ sì pè é lọ́jọ́ náà.